Ilé Tí Mo Fi Yangàn

Màmá mi kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé wa ní Minanata, ní Sókótó, àlejò lè jókòó tì í fún wákàtí kan kó má mọ̀. Yóò dìde lórí ẹní rẹ̀, yóò jáde sí àgbàlá, yóò bu omi sínú bútà, yóò ṣe àlùwàlá, yóò sì padà síbi tó ti dìde láì fẹsẹ̀ kọ nǹkan kan. Bí àwọn ọmọ mi bá ju bàtà sójú ọ̀nà rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì pe ẹni tó ni bàtà náà kó wá gbé e. Bó ṣe ń mọ̀ ọ́n, mi ò lè sọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti lò nínú ilé yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń lọ, bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń gbẹ, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ ráyè mọ gbogbo ilé kí ojú tó lọ tán.

Wẹ́dà ni mí. Géètì, ilẹ̀kùn onírin, irin ojú fèrèsé, gbogbo ẹ̀ ni mò ń ṣe. Lọ́dún tí dókítà sọ fún wa pé ohun tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà mọ́, mo ra páìpù onírin, mo tẹ̀ ẹ́, mo jó o pọ̀, mo sì kàn án mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá títí dé ìdí ẹ̀rọ omi, láti ibẹ̀ títí dé ṣálángá. Mo fi ọjọ́ méjì ha gbogbo ibi tó lè gé e lọ́wọ́. Mo ti ṣe géètì fún àwọn olówó ní ìlú yìí, mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó irin yẹn. Màmá fọwọ́ tọ́ ọ lọ, ó tọ́ ọ bọ̀, ó ní, "O ṣeun. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tí wọ́n ń fà mí lọ́wọ́ lọ sí ṣálángá, kí ẹ ti lọ gbẹ́ ilẹ̀ dè mí." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Ilé náà kì í ṣe tiwa. Bàbá mi ló háyà rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, lọ́wọ́ Alhaji kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Sókótó. Èmi náà, Sókótó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n bíni síbì kan, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí nínú gbogbo ìwé tí mo ti kọ láyé mi. Alhaji yẹn kò fìgbà kan dààmú wa. Bí owó ilé bá pẹ́, á ní kí a máa ṣe é bọ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló kọ́kọ́ dé ilé wa, òun ló tún wà níwájú níbi tí wọ́n ti kírun sí i lára.

Nígbà tí Alhaji náà wá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀, wọ́n fẹ́ pín ogún bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, ilé kò sì ṣeé gé sí wẹ́wẹ́ bí ẹran Iléyá. Àgbà inú wọn wá bá mi fúnra rẹ̀. Mo gbé àga fún un, kò jókòó lórí àga, orí bẹ́ǹṣì tí èmi ń jókòó sí ló jókòó sí. "Mai walda," ó ní, nítorí orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pe wẹ́dà nìyẹn, "bàbá wa ti sọ ọ́ kó tó kú pé a ò gbọdọ̀ lé yín jáde bí ẹni lé ajá. A máa ta ilé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ fi lọ̀. Oṣù mẹ́fà la fún yín." Ó sì dá iye tó kéré lé e, èyí tí mo mọ̀ pé ará ìta kò lè rí i rà bẹ́ẹ̀ láéláé. Ká sọ òótọ́, wọ́n ṣe dáadáa sí wa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí di òní, pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí ẹnìkan tí mo lè bínú sí bí kò ṣe ara mi.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n ń béèrè. Kí ẹ tó bi mí pé kí ni mo ti ń fi owó mi ṣe láti ogún ọdún tí mo ti ń jó irin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Láàárín àwa tí a wá láti ilẹ̀ Yorùbá sí ìlú yìí, ẹni tó bá dàgbà sí ìdálẹ̀ láì kọ́lé sílé, ẹni yẹ̀yẹ́ ni. Bàbá mi kò kọ́lé sílé. Owó ilé ìwé wa ló ná, ó tún ná an sórí àìsàn. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ó dìde láàárín àwọn èrò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi lo ogójì ọdún nílẹ̀ Hausa, yàrá kan ṣoṣo kò fi sílẹ̀ nílé. Kí Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ ṣe wá." Àwọn èèyàn ṣe àmín! Mo wo Màmá mi, ìgbà yẹn ojú rẹ̀ ṣì ń ríran díẹ̀, ó sì di ìborùn rẹ̀ mọ́ ẹnu. Nígbà tí àwọn èrò lọ tán, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́." Gbólóhùn kan péré nìyẹn, mo sì fi ọdún mẹ́rìnlá san án.

Yàrá mẹ́rin ni, lórí ilẹ̀ ẹbí wa. Mò ń fi owó ránṣẹ́, àbúrò bàbá mi ń bá mi ra búlọ́ọ̀kù, àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ nínú owó náà, ìyẹn kò pamọ́ fún mi. Nígbà tó yá, wọ́n kan òrùlé. Kò ní fèrèsé, kò sì ní ilẹ̀kùn. Èmi tí mò ń ṣe ilẹ̀kùn fún gbogbo Sókótó, mi ò rí owó ọkọ̀ tí màá fi kó ilẹ̀kùn mẹ́rin dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò sùn nínú rẹ̀ rí ní alẹ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ wà lórí fóònù mi, wọ́n yà á láti iwájú, ní ọ̀sán, kí òrùlé lè máa dán. Kò sí oníbàárà tí mi ò tíì fi hàn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá owó tí mo máa yá nìyẹn. Ní báǹkì àkọ́kọ́, ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní kí n mú ìwé owó oṣù mi wá. Mo ní èmi ni mò ń sanwó fún ara mi. Ó ní kí n lọ gba ìwé lọ́wọ́ ara mi nígbà náà. Báǹkì kejì ní àwọn fẹ́ rí ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ìwé kan ṣoṣo tí ilé Minanata ní ni èyí tí mai unguwa, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò, fọwọ́ sí láyé àtijọ́, ikán sì ti jẹ etí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà lẹ́bàá ọjà tí wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò lówó. Àwọn ò béèrè ìwé púpọ̀. Láàárín ọdún kan ni kí n san gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú èlé tó jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ iye rẹ̀, mo ní kí ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ tún un sọ.

Mo dé ilé, mo sọ fún Màmá. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ìka rẹ̀ ń mú òkúta kúrò níbẹ̀ ju ojú tèmi lọ. Ó ní, "Má fi èlé ra ilé tí màá máa kírun nínú ẹ̀." Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹni tí omi ń gbé lọ kì í béèrè bóyá ọwọ́ tí wọ́n nà sí òun mọ́. Mi ò sọ ọ́, torí màmá mi ni.

Mo wá lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa ọmọ Yorùbá. Ọjọ́ Sunday la máa ń ṣe ìpàdé, nínú ọgbà ilé búrẹ́dì alága wa. Mo dìde, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, alága bú sẹ́rìn-ín.

"Ilé? Ní Sókótó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alága. Ibi tí à ń gbé náà ni."

"Àjò ò lè dùn kí onílé má relé o. Ọ̀rẹ́ mi, ta lo fẹ́ fi ilé yẹn sílẹ̀ fún? Ọjọ́ tí nǹkan bá dàrú ńkọ́, ṣé o máa dì í sínú àpò ni?"

Obìnrin kan tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Gidan Igwai ní ẹgbẹ́ ò ní irú ìyẹn nínú òfin rẹ̀, pé ilé nílé ni owó wọn wà fún. Ó wò mí tàánútàánú. "Wallahi, tó bá jẹ́ fèrèsé ilé Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn lo fẹ́ ṣe ni," ó ní, "lónìí olónìí la máa kà á fún ẹ." Wọn kò ṣe ìkà. Ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ ni wọ́n ń sọ, tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló dìde bí mo ṣe dìde, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo jẹ búrẹ́dì tí wọ́n pín.

Oṣù kan àbọ̀ ti lọ nínú oṣù mẹ́fà.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí mò ń bá ṣe irin fèrèsé, ló sọ fún mi nípa ọ́fíìsì kan nínú ìlú. Ó ní wọ́n ń ran àwọn tí kò tíì nílé rí lọ́wọ́, kódà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, wọn kì í sì í gba èlé. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọbìnrin kan nínú híjáàbù aláwọ̀ ewé ló dá mi lóhùn. Ọmọ Hausa ni, ọmọ Sókótó gan-an, kò sì tíì ju ọmọ àkọ́bí mi lọ púpọ̀. Baba ló ń pè mí. Ó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: àwọn fúnra wọn ló máa ra ilé náà, wọ́n á fi èrè tí gbogbo wa ti mọ̀ lé e, wọ́n á wá tún un tà fún mi, èmi á sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Màmá ní kí n lọ bi Àlùfáà wa léèrè. Àlùfáà ní òwò nìyẹn, kì í ṣe èlé. Màmá ní, "Ó dáa."

Ọmọbìnrin náà gba ọ̀rọ̀ mi kanrí. Gbogbo ohun tí mi ò ní ló kọ sórí ìwé kan fún mi, bí ẹni kọ nǹkan ọbẹ̀ fún ọmọ tó ń lọ sọ́jà: ìwé owó orí, ìwé ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà, ìwé báǹkì ọdún kan, onídùúró méjì, lẹ́tà mai unguwa. Mai unguwa kọ tirẹ̀ ní ojú mi, ó ní láti ìgbà tí mo ti ń gun igi dóńgóyárò iwájú ilé òun ni òun ti mọ̀ mí. Tíṣà yẹn dúró fún mi. Ẹni kejì tó dúró fún mi ni ọmọ Alhaji, ẹni tó fẹ́ ta ilé náà fúnra rẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ ìpínlẹ̀ mi. Mo kọ Ọ̀yọ́, mo sì ti rò ó pin, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti máa ń parí fún wa. Ọmọbìnrin náà ní kò já mọ́ nǹkan kan, pé ibi téèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò. Nínú gbogbo ayé mi, ìyẹn ni ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ ní ìlú tí wọ́n bí mi sí tí kò lé mi padà sí ìlú bàbá mi. Ó bi mí bóyá mo ní ilé ní Sókótó. Mo ní rárá. Ó kọ ọ́, ó ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn.

Inú ilé wa yàtọ̀ láwọn ọ̀sẹ̀ yẹn. Màmá mi, tí kò bi mí ní ohun tó jọ mọ́ àwọ̀ láti ọdún mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ sí bi mí irú ọ̀dà wo la máa kùn. Ó máa ń lọ fọwọ́ pa ògiri ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n gé irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi wálẹ̀ díẹ̀, pé òun ti ń tẹ̀, nígbà tó bá ti di tiwa kò sẹ́ni tó máa bi wá ìdí tí a fi lu ògiri. Ìyàwó mi gbin ẹ̀fọ́ sínú táyà ọkọ̀ kan lẹ́yìn ilé. Mi ò ní purọ́, èmi náà ti ń sùn dáadáa.

Ohun tó kù ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin náà ní kí n má ṣe foyà, ọ̀gá kan ló ń bọ̀ láti olú ilé iṣẹ́ wọn, àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù náà ló máa tún bi mí, á sì fọwọ́ sí i. Mo wọ aṣọ Jímọ̀ mi. Mo fi kànìnkànìn fọ ọwọ́ mi, dúdú irin kò tán níbẹ̀ ṣá.

Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá náà. Bó ṣe rí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ìwé mi báyìí ni ojú rẹ̀ là. "Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n mi! Ọmọ ìyá ni wá, Ọ̀yọ́ ni tèmi." Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó bi mí nípa ìlera Màmá. Ọmọbìnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí i pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ọ̀gá wá wo ìwé, ó ń fi bíírò tọ́ ọ, ó ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mélòó? Ọdún mélòó lẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́? Àwa méjèèjì ń fi Yorùbá sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó wá ní, "Ṣé ẹ ti kọ́lé, ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà. Ká ní ọmọbìnrin Hausa yẹn ló bi mí, ì bá jẹ́ ìbéèrè inú ìwé, ǹ bá sì fún un ní ìdáhùn inú ìwé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ẹgbẹ́ mi ló bi mí, nínú Yorùbá, níwájú èèyàn. Ohun tí mo gbọ́ kì í ṣe ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Àbúrò bàbá mi ni mo gbọ́, ní ọjọ́ kẹjọ, àti gbogbo àwọn tó ṣe àmín.

Mo ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti kọ́lé."

Bíírò rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó rọra ní, "Ilé ẹbí lẹ ń sọ, àbí? Ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀."

Títí mo máa fi kú ni màá mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ṣí i gbayawu. Ká ní mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yanjú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní ilé tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́, bàbá mi ló fi sílẹ̀, bàbá mi tí kò fi nǹkan sílẹ̀! Inú bí mi. Mo ní, "Ilé ẹbí kẹ̀? Tèmi ni! Òógùn ojú mi ni!" Mo fa fóònù yọ, mo wá fọ́tò náà jáde, mo gbé e kalẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù mi, níwájú àwọn méjèèjì. Òrùlé ń dán.

Ọmọbìnrin náà na ọrùn. Ó fi Hausa béèrè pé ilé ta nìyẹn.

"Gidana ne," mo ní. Ilé mi ni.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Fáànù ń yí. Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn, láti inú wá, bí ìgbà tí irin tó o rò pé ó ti tutù bá ń jó ẹ lọ́wọ́. Ọ̀gá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ẹni tí kò ní ilé níbikíbi ní Nàìjíríà ni owó náà wà fún, kì í ṣe ní Sókótó nìkan. Mo ní kì í ṣe ilé, kò ní fèrèsé. Mo ní kò ní ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀, mi ò sùn níbẹ̀ rí. Gbogbo ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́rìnlá ni mo tú síta níwájú àwọn méjèèjì, mo sì ń fi ìka kan náà tí mo fi yangàn tọ́ka sí àwọn ihò fèrèsé lórí fóònù. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọ́. Tí mo bá fọwọ́ sí i báyìí, irọ́ ni mo fọwọ́ sí. Iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ọmọ nìyí." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Ọmọbìnrin náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Haba, Baba," ó ní, omi wà lójú rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?" Mo gbọ́ Hausa bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, ṣùgbọ́n Yorùbá nìkan ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ yẹn wà.

Mo sọ fún Màmá pé wọ́n ní owó ti tán.

Lọ́jọ́ kejì mo pe àbúrò bàbá mi lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ ta ilé yẹn. Ó pariwo títí mo fi gbé fóònù kúrò létí. "Ta kí ni? Lórí ilẹ̀ ẹbí? O fẹ́ kó àjèjì wọ àárín agboolé?" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un nípa ojú Màmá. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà rò ó wò. Ta ló máa fowó ra ilé tí kò ní fèrèsé? Ṣé ìyẹn náà nilé?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn ará ọ́fíìsì yẹn, ilé ni. Lọ́dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ tà á fún, kì í ṣe ilé.

Oṣù mẹ́fà pé. Àwọn ọmọ Alhaji fi oṣù kan kún un, wọn ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ra ilé náà ń ta màlúù ní Kasuwar Kara, èèyàn jẹ́jẹ́ ni òun náà. Nígbà tó gbọ́ pé wẹ́dà ni mí, ó ní kí n ṣe géètì tuntun fún òun, ó sì san owó rẹ̀ pé. Mo ṣe é, mo sì ṣe é dáadáa. Ó ní tí mo bá fẹ́ kí n gé irin Màmá kúrò lára ògiri kí n máa mú un lọ. Ìyẹn náà, mo gé e. Ihò tó fi sílẹ̀ lára ògiri, mo fi símẹ́ǹtì dí i.

Yàrá méjì la rí háyà ní Gidan Igwai. Ṣálángá wà ní òdìkejì àgbàlá gbalasa kan tí àwa àti ayálégbé mẹ́ta mìíràn jọ ń lò, apá òsì ló wà, kò sì sí ògiri kankan tí irin lè gbà dé ibẹ̀. Páìpù tí mo tẹ̀ fún ilé Minanata, bí Minanata ló ṣe tẹ̀. Ó wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé báyìí, àwọn obìnrin ń sá aṣọ lé e.

Lọ́jọ́ kẹta tí a débẹ̀, Màmá fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun Alásàrí. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń wò ó. Ó dìde lórí ẹní, ó gbé bútà, ó jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, bó ṣe máa ń yá. Ó rin ìṣísẹ̀ méje, ó yà sí ọ̀tún, kí n tó pariwo, ó ti fi iwájú orí gbá ògiri ilé ìdáná. Bútà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ògiri náà lókè nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i lójú. Ó ní, "Ta ló gbé ògiri síbí?" Àwọn ayálégbé jáde wá wò ó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ì bá sì sàn fún mi kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo nu ẹ̀jẹ̀ náà, mo fi aṣọ dì í. Mo jókòó tì í lórí ẹní, mo wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn fún un, láti orí ẹ̀ káàsán títí dé orí fọ́tò. Mi ò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dàgbà jù ẹ́ lọ?"

"Kò dàgbà tó mi, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí."

Ó mí kanlẹ̀. "Ta ni ì bá wá sọ níwájú ẹ̀ pé òun ò nílé?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni mo ní kó o kọ́ ọ." Mo fẹ́ sọ pé rárá, kì í ṣe ẹ̀bi yín, ṣùgbọ́n aṣọ orí rẹ̀ ni mo ń tún dì. Ìyàwó mi ń dáná níta. Ẹnìkan ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí òpópónà wa.

Màmá gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ tilẹ̀, ó dìde dúró, kò sì gbé ẹsẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, síbi tí irin máa ń wà ní Minanata, ọwọ́ náà dúró síbẹ̀ lófìfo fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yí i sí ọ̀dọ̀ mi.

"Wá fà mí lọ sí ṣálángá," ó ní.